Kẹ́ẹ̀gì Òfìfo Létí Odò Ọ̀ṣun

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ọdún Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni ọjà tó ń yá jù. Aṣọ ń tà, ìlẹ̀kẹ̀ ń tà, ṣùgbọ́n ti kẹ́ẹ̀gì lágbára. Láti ìtòsí ààfin títí dé ẹnu ọ̀nà igbó ni àwọn ìyá ti pàtẹ rẹ̀, ńlá àti kékeré, èyí tí wọ́n fi gbé òróró rí tí wọ́n ti fi ọṣẹ bó, títí kan ike omi tí ẹlòmíì mu tán tó jù sílẹ̀. Àlejò tí kò mọ ohun tó ń lọ lè rò pé ọ̀wọ́n omi ló wà nílùú. Èmi, ike yìí ni mo fi ń dá èrò mọ̀. Ẹni tó mú un dání ní ohun tó wá gbà. Ẹni tó gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn wá wòran. Àwọn tó mú méjèèjì dání wà pẹ̀lú, wọn kò sì kéré níye.

Tí a bá ń sọ̀rọ̀ ìrìnàjò ẹ̀sìn, a sábà máa ń pín èrò sí méjì, olùjọsìn lọ́tọ̀, awòran lọ́tọ̀. Létí odò, ìpín yẹn kì í pẹ́ kó tó dàrú. Mo ti rí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ní àwòrán lásán lòun wá yà. Nígbà tó kù díẹ̀ kó kan omi, ó bọ́ bàtà, ó ń fi ọwọ́ bu omi sórí, ó sì ń kùn sínú. Mo ti rí ẹni tó wọ funfun láti orí dé ẹsẹ̀ tí kò gbójú kúrò lára fóònù rẹ̀ títí ayẹyẹ fi parí. Nítorí náà, bí ọjọ́ náà fúnra rẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé, àti ohun tí ẹni tó wá ń bá pàdé láti ìgbà tó ti fi ilé sílẹ̀ títí tó fi gbé omi padà délé.

Ìtàn tí àwọn ará Òṣogbo ń sọ nípa ìpìlẹ̀ ìlú wọn kò gùn. Láàróyè àti Olútìmẹ́hìn ọdẹ kó àwọn ènìyàn wọn kúrò ní Ìpólé nítorí àìrómi, wọ́n sì tẹ̀dó sétí odò. Níbi tí wọ́n ti ń ṣán igbó, igi kan wó sínú omi. Ohùn kan ké láti inú ibú pé wọ́n ti fọ́ ìkòkò aró òun, ó sì pè wọ́n ní oṣó inú igbó. Ibẹ̀ ni wọ́n ní orúkọ ìlú ti wá. Ọ̀ṣun, òrìṣà odò náà, ló ni ohùn yẹn. Ó ní kí wọ́n sún sókè díẹ̀, kí wọ́n fi etí omi sílẹ̀ fún òun, kí wọ́n sì máa bọ òun lọ́dọọdún. Òun náà yóò máa dáàbò bò wọ́n. Láàróyè tó jẹ́ ọba wọn gbé ẹbọ wá, ẹja ńlá kan yọ jáde nínú omi, ọba tẹ́wọ́ gba ẹja, ó di Àtáọ́ja, tí í ṣe oyè ọba Òṣogbo. Àdéhùn ni ìtàn yìí látòkè délẹ̀. Ìlú fi ilẹ̀ sílẹ̀, odò ń fi ààbò àti ọmọ san án. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀ lónìí pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì, àdéhùn kékeré tirẹ̀ ló ń lọ so mọ́ ti ìlú.

Ilẹ̀ tí wọ́n fi sílẹ̀ yẹn ni igbó Ọ̀ṣun. Hẹ́kítà 75 ni. Ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè ní 1965, wọ́n fẹ ààlà rẹ̀ ní 1992, UNESCO sì kọ orúkọ rẹ̀ mọ́ ogún àgbáyé ní 2005. Òun ni ìkejì ní Nàìjíríà, Sukur ló ṣáájú rẹ̀. A kì í dẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, a kì í pẹja, a kì í gégi. Àwọn ọ̀bọ inú igbó ti mọ òfin yìí ju ènìyàn lọ. Wọ́n á bọ́ sílẹ̀ wá gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́wọ́ rẹ, wọ́n á sì yíjú sí ẹlòmíì bí ẹni pé o jẹ wọ́n ní gbèsè tẹ́lẹ̀.

Ohun tí awòran kọ́kọ́ ń rí ni ère. Obìnrin ará Austria kan, Susanne Wenger, tí wọ́n bí ní Graz ní 1915, dé Nàìjíríà ní nǹkan bí 1950. Ó wọ inú òrìṣà, wọ́n ń pè é ní Àdùnní Olóríṣà, Òṣogbo ló sì kú sí ní 2009. Òun àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí, Kàsálí Àkàngbé àti Bùráímọ̀ Gbàdàmọ́sí ló tún àwọn ojúbọ tó ti ń wó lulẹ̀ ṣe, tí wọ́n sì mọ àwọn ère ńláńlá onísìmẹ́ǹtì síbẹ̀. Àlejò máa ń rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni wọ́n. Ọgbà ni wọ́n. Nígbà yẹn, àwọn tó fẹ́ gé igi àti àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ ti ń wọ inú igbó díẹ̀díẹ̀, ó sì ṣòro fún èèyàn láti fi ilé àdáni dúró ṣinṣin síbi tí ère tó ga ju orí ilé lọ ti ń wò ó lójú. Tí ère yẹn kò bá sí, bóyá ilé alájà ni à bá máa lọ wò níbẹ̀ lónìí.

Bí o bá lọ lọ́jọ́ tí kì í ṣe ti ọdún, ìrìn náà rọrùn. O ó san owó ìwọlé lẹ́nu géètì, afinimọ̀nà á mú ọ káàkiri, yóò fi ojúbọ hàn ọ́, yóò mú ọ dé afárá tí wọ́n fi wáyà gbé kọ́ lórí omi, tó ń mì bí o bá ṣe ń rìn. Ní ibòmíràn yóò ní kí o bọ́ bàtà, ní ibòmíràn yóò ní kí o má yàwòrán. Igbó náà dákẹ́ débi pé o lè gbọ́ bí ewé ṣe ń já. Àwọn tó bá bi mí léèrè, ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni mo máa ń ní kí wọ́n kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ọdún ni gbogbo ayé ń fẹ́.

Ọdún náà ń gba nǹkan bí ọjọ́ 12, láàárín ìparí oṣù keje àti oṣù kẹjọ. Ìwọ́pópó ló máa ń ṣáájú: ọba, ìdílé rẹ̀ àti àwọn ìjòyè á jáde tìlù-tijó láti gbá ojú ọ̀nà mọ́, kí ibi tó wà lọ́nà kó ẹrù rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á tan iná olójú mẹ́rìndínlógún lálẹ́, àtùpà tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti kọjá ohun tí ẹnikẹ́ni lè rántí, tí ọba àti àwọn èèyàn rẹ̀ á sì máa jó yí i ká. Ọjọ́ ìboríadé tún wà, tí wọ́n á kó adé àwọn Àtáọ́ja tó ti wàjà jọ, kí wọ́n lè wúre lórí wọn. Ọ̀pọ̀ àlejò kò rí ọ̀kan nínú wọ̀nyí. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ni wọ́n máa ń já wọ ìlú, wọ́n á sì padà lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n á ní àwọn ti rí ọdún Ọ̀ṣun. Ìwọ̀nba tí mo lè sọ ni pé ẹni tó bá rí alẹ́ àtùpà yẹn, tó rí bí iná ṣe ń jó títí ilẹ̀ fi mọ́, òun ló mọ ohun tí ọjọ́ àṣekágbá ń parí.

Ibùsùn ni ìdánwò àkọ́kọ́. Bí ọdún bá ti kù díẹ̀, yàrá òtẹ́ẹ̀lì á tán, iye èyí tó bá kù á fò sókè. Mo ti sanwó yàrá sílẹ̀ níbì kan rí, nígbà tí mo dé, ẹlòmíì ti sùn sínú rẹ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní kí n máa bínú, ó fún mi ní àga. Orí àga yẹn ni mo sùn. Obìnrin kan tí a jọ wà ní pálọ̀ náà, tó ti ìlú Èkó wá, kò tilẹ̀ wá yàrá rárá. Ó ní ẹni tó bá ń lọ tọrọ nǹkan kì í sùn yó.

Nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, Arugbá ni gbogbo ojú ń wá. Wúńdíá tó wá láti ìdílé ọba ni, Ifá ló ń yàn án, òun ló sì máa ń ru igbá ẹbọ ìlú láti ààfin lọ sétí odò. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí kò dé Òṣogbo rí, inú fíìmù Túndé Kèlání tó ń jẹ́ Arugbá ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ rẹ̀. Lójú fíìmù, o lè rí ojú rẹ̀. Lójú ọ̀nà, ohun tí o máa rí ni agbo ènìyàn tó ń rọ́ bọ̀ bí omi, aṣọ tí wọ́n fi bo igbá lókè orí, àti àwọn géńdé tó yí i ká tí wọn kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fara kàn án. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ń na ara wọn ní ẹgba níwájú. Ìlù ń dún láti ibi mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà. Arugbá kì í sọ̀rọ̀, kò sì gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ kọ, torí pé bí ó bá kọsẹ̀, ìlú ló kọsẹ̀.

Ibí yìí ni àlejò ti máa ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n á gbé fóònù sókè, wọ́n á wá ibi tí àwòrán ti máa dára, Arugbá á sì kọjá. Àwọn tó mọ ohun tí wọ́n wá ṣe, ọwọ́ wọn ṣófo ní ìṣẹ́jú yẹn. Wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ ra orí, wọ́n á yí i ká orí, wọ́n á jù ú sí ọ̀nà igbá: àìsàn, àìríṣẹ́, àbíkú, ẹjọ́, ohunkóhun tó bá ń dà wọ́n láàmú, kí igbá bá wọn rù ú lọ. Ní ọdún tí mo kọ́kọ́ lọ, èmi náà gbé fóònù sókè. Ìyá àgbà kan tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ tọ́ mi léjìká.

“Ọmọ mi, ta lo fẹ́ kó bá ọ ju tìẹ?”

Mo ní, “Ẹ má bínú, mà.” Àmọ́ igbá ti kọjá.

Láti ibẹ̀, gbogbo èrò á kọrí sódò. Ọba á jókòó lórí òkúta tí wọ́n ní Láàróyè kọ́kọ́ jókòó lé, ìyẹn nínú ojúbọ, níbi tí Ìyá Ọ̀ṣun àti Àwòrò Ọ̀ṣun ti ń ṣe ètùtù tí ojú awòran kì í tó. Lóde, lábẹ́ àtíbàbà, àwọn olóṣèlú àti àwọn aṣojú ilé iṣẹ́ ń sọ̀rọ̀ látorí ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ilé iṣẹ́ ọtí àti ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ti fi agboorun aláwọ̀ mèremère bo gbogbo ibẹ̀. Àwọn kan ń bínú sí èyí gan-an, wọ́n ní ọjà ti gba ọdún mọ́ Ọ̀ṣun lọ́wọ́. Inú mi kò dùn sí ariwo náà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti rí iye ènìyàn tí ọdún náà ń bọ́ nílùú, láti orí ọlọ́kadà dé orí alákàrà, á rọra sọ̀rọ̀. Ọ̀ṣun pàápàá, alájé ni.

Nígbà tí ètùtù bá parí tí ẹbọ bá wọ omi, ariwo “Oore Yèyé o!” á sọ. Ìgbà náà ni kẹ́ẹ̀gì ń rí iṣẹ́ ṣe. Kò sí ìlà. Ẹni tó wà lẹ́yìn á ju kẹ́ẹ̀gì síwájú, ẹni tí kò mọ̀ rí á gbà á, á bá a pọn, á sì jù ú padà. Àwọn ọmọkùnrin kan ti wọ inú omi dé ìbàdí, wọ́n ń bá àwọn tí kò lè wọlé pọnmi, owó díẹ̀ ni wọ́n ń gbà. Nínú gbogbo ọjọ́ náà, ohun tó wú mi lórí jù nìyẹn, bí àwọn tí kò mọ ara wọn ṣe ń gba ike lọ́wọ́ ara wọn láìbéèrè ẹ̀sìn. Òṣogbo kún fún Mùsùlùmí. Orúkọ ọba tó gorí ìtẹ́ ní 2010, Ọba Jímọ̀ Ọyètúnjí Ọláníípẹ̀kun, ti sọ ìyẹn fún ọ. Mo rí obìnrin tó fi híjáàbù bo orí tó ń pọnmi, mo rí ẹni tó ní ìlẹ̀kẹ̀ àdúrà Kátólíìkì lọ́rùn. Kò sẹ́ni tó bi wọ́n pé kí lẹ wá ṣe.

Ẹ̀jẹ́ tí àwọn èèyàn ń jẹ́ létí odò wá ńkọ́? Ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ kò lọ́jú. Obìnrin tó ń wá ọmọ á kúnlẹ̀, á sọ ohun tó ń fẹ́, á sọ ohun tí yóò ṣe tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ̀ ẹ́. Bí àyè bá wà tí ó sì rí olóòṣà tó máa dá obì fún un, wọ́n á béèrè bóyá ọ̀rọ̀ náà ti wọlé. Ohun tí àwọn àgbà ń kì mọ́ni létí jù ni pé kí ẹ̀jẹ́ má tóbi ju apá ẹni lọ. Ẹ̀fọ́ yánrin, oyin, ẹyẹlé, aṣọ funfun, pé màá gbé ọmọ náà wá kí ẹ rí i: irú èyí ni wọ́n ń fọwọ́ sí. Ẹni tó bá ṣèlérí màlúù lórí owó oṣù tí kò tó gbọ́ bùkátà ti gbé gbèsè kọ́rùn. Ẹ̀jẹ́ yìí ló sì ń mú kí ìrìnàjò náà tún ara rẹ̀ ṣe. Awòran lè wá lẹ́ẹ̀kan kó má padà mọ́. Ẹlẹ́jẹ̀ẹ́ ní láti padà wá.

Àwọn tó ti òkè òkun wá tún ní tiwọn. Ọ̀ṣun bá àwọn ẹrú kọjá sí Brazil, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Oxum. Ó dé Cuba, ó di Ochún, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ Màríà ti El Cobre, tí ọjọ́ rẹ̀ jẹ́ 8 oṣù kẹsàn-án, tí àwọn èèyàn fi ń rìnrìn àjò lọ sí ilé ìjọsìn rẹ̀ nítòsí Santiago de Cuba. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú kan dá abúlé Oyotunji sílẹ̀ ní South Carolina ní 1970. Àwọn ọmọ odò wọ̀nyí ń wá sí Òṣogbo lọ́dọọdún, ojú sì tètè ń mọ̀ wọ́n torí pé aṣọ òféèfèé bí oyin tàbí ìyeyè ni wọ́n sábà máa ń wọ̀. Funfun ni ti àwọn olóòṣà Òṣogbo. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn àlejò náà díẹ̀ tí wọ́n bá rí i, bí ẹni tó wọ aṣọ tí kò bá ti ẹbí mu lọ sóde. Lẹ́yìn wákàtí kan, wọ́n á gbọ́ orin tí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jọ ti ilé tiwọn, omi á sì bọ́ lójú wọn. Ẹkún yẹn kì í ṣe ti awòran. Kò sì fi gbogbo ara jẹ́ ti olùjọsìn, torí ẹni tó ń wá ilé baba ńlá rẹ̀ ni.

Ìdààmú tiwọn ni bí wọn yóò ṣe gbé omi wọ ọkọ̀ òfuurufú. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀ òfuurufú, ohun olómi tó bá ju mílílítà 100 lọ kì í bá ènìyàn wọ ọkọ̀ nínú báàgì ọwọ́. Inú ẹrù ńlá ni wọ́n ń gbé e sí, wọ́n á fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n á gbàdúrà kí ìdérí má tú. Àwọn Mùsùlùmí wa mọ wàhálà yìí tẹ́lẹ̀. Lítà 5 omi Sàmsàm ni wọ́n ń fún alálàájì kan láti gbé bọ̀ wálé, àwọn kan sì ń wá ọgbọ́n láti fi kún un. Àwọn ọmọlẹ́yìn Kristi náà kò gbẹ́yìn: nígbà ìsọjí Ayọ̀ Babalọlá ní Òkè Ooye, Iléṣà, ní 1930, omi tí wọ́n gbàdúrà sí ni èrò ń gbé lọ sílé, tí wọ́n sì ń pè ní omi ìyè. Mo rò pé ohun kan náà ni gbogbo wọn ń wá. Àdúrà kò ṣeé dì sínú báàgì. Omi ṣeé dì.

Ṣùgbọ́n omi Ọ̀ṣun ti ọdún wọ̀nyí kò rí bíi ti tẹ́lẹ̀. Ìgèdè Èkìtì ló ti ń sun, ó sì ń gba omi àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn láti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Ibẹ̀ ni àwọn tó ń wa wúrà láìgbàṣẹ ti ń fọ iyẹ̀pẹ̀ sínú omi. Omi tó mọ́ tẹ́lẹ̀ ti di àwọ̀ bíi tíì oníwàrà. Ti àwọ̀ ṣì kéré. Irú àwọn awakùsà bẹ́ẹ̀ sábà máa ń fi mẹ́kúrì mú wúrà, ohun tó bá sì dà sínú odò lókè, ìsàlẹ̀ ló ń bọ̀. Ní 2022, kó tó di ọdún, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé kí wọ́n má ṣe mu omi odò náà. Mo wà lára àwọn tó rò pé ìkìlọ̀ yẹn yóò dín kẹ́ẹ̀gì kù. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní omi Ọ̀ṣun kì í pa ọmọ Ọ̀ṣun. Àwọn olóòṣà tó gbọ́n ń sọ̀rọ̀ mìíràn: wọ́n ní àdéhùn ti bàjẹ́ láti òkè odò, àti pé ìlú tó gbé igbá wá lọ́dọọdún tí kò lè lé awakùsà kúrò lórí omi kò tíì rúbọ tán.

Lọ́dún kan, mo bá obìnrin kan jókòó pọ̀ nínú bọ́ọ̀sì tó ń padà sí Ìbàdàn. Ó gbé ọmọ oṣù mẹ́jọ tàbí mẹ́sàn-án pọ̀n, ọmọ ẹ̀jẹ́ ni, ó ti gbé e lọ fi han Yèyé Ọ̀ṣun. Èrò mi ni pé ẹni tó ti rí ohun tó wá kò ní gbé kẹ́ẹ̀gì mọ́, àmọ́ kẹ́ẹ̀gì kékeré kan wà láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ní omi tí òun yóò máa fún ọmọ ni. Nígbà tí a dé Ìwó, ó yíjú sí mi.

“Àǹtí, ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ṣé òótọ́ ni wọ́n ní omi yìí ti bàjẹ́?”

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un, wúrà, mẹ́kúrì, ìkìlọ̀ ìjọba. Ó gbọ́ ọ títí dé òpin. Ó wo kẹ́ẹ̀gì, ó wo ọmọ.

“Mi ò ní fún un mu nígbà náà. Ẹnu ọ̀nà ni màá máa wọ́n ọn sí.”

Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó dé ìdérí rẹ̀ le sí i, ó sì fi ìró rẹ̀ wé e kó má baà dà.